Máàkì 12 fún àfiwéra kì í ṣe ìjọra 6 àti ìyàtọ̀ 6

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìkòròdú. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ká ṣe ìdánwò lítíréṣọ̀ àfiwéra: ìbéèrè kan péré, wákàtí kan àbọ̀. Ìwé tí a kà ni Oedipus Rex ti Sophocles àti The Gods Are Not to Blame ti Ọlá Rótìmí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìlànà máàkì padà. Tẹ́lẹ̀, ìmọ̀ ìwé ló ń gba 20, èdè ń gba 10. Ní báyìí, ìmọ̀ ìwé gba 8, àfiwéra 12, ẹ̀rí láti inú ìwé 6, èdè 4. Mo ra hándáòtì kan ní Sábó tó to ìjọra 10 àti ìyàtọ̀ 10 sílẹ̀. Bí mo bá há mẹ́fà mẹ́fà sórí, ṣé ó ti tó?

ÌDÁHÙN: Rárá, ọmọ mi, kò tó. Bí o tilẹ̀ há ogún sórí, kò ní tó. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ibi tí o ti ṣì í nìyí: o rò pé olùyẹ̀wò á máa kà wọ́n ní oókan, ìjọra kan, máàkì kan. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kì í ṣe iye ohun tí o tò ni máàkì 12 yẹn wà fún. Bí o ṣe fi ìwé kan tan ìmọ́lẹ̀ sí èkejì ni wọ́n ń wò. Ẹni tó mú kókó mẹ́rin, tó tú u débi gbòǹgbò, á fi ẹni tó to ogún sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ó dá mi lójú pé ohun àkọ́kọ́ lórí hándáòtì rẹ ni pé nínú ìwé méjèèjì, ọmọ pa bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kò ní láárí. Rótìmí mọ̀ọ́mọ̀ mú ìtàn Sophocles wá sí ilẹ̀ Yorùbá ni. Pé wọ́n jọra kì í ṣe àwárí. Ohun tó yẹ kí o wádìí ni èyí tó yí padà lọ́wọ́ Rótìmí, àti ohun tí ìyípadà náà ṣe sí ìtumọ̀ eré.

Jẹ́ ká mú ibi ìpànìyàn yẹn nìkan. Lọ́dọ̀ Sophocles, ọ̀nà ni wọ́n ń jà sí. Laius, bàbá Oedipus, wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní oríta mẹ́ta, wọ́n fẹ́ ti Oedipus kúrò lọ́nà, bàbá náà sì fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń da ẹṣin gbá a lórí. Oedipus fi ọ̀pá tirẹ̀ dá a padà, ó sì pa á. Lọ́dọ̀ Rótìmí, oko iṣu ni. Ọdẹ́wálé, tó dúró ní ipò Oedipus, bá àwọn kan tó ń wa iṣu lóko rẹ̀, ọ̀rọ̀ di ariwo, Adétùsà, bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀, fi ẹ̀yà rẹ̀ bú u, ọkọ́ ni Ọdẹ́wálé sì fi pa á.

Wàyí o, ṣí ìparí eré méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bi Oedipus léèrè ẹni tó mú un fọ́ ojú ara rẹ̀, ó ní òrìṣà Apollo ló fa ìyà náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun fúnra òun ló ṣe é. Ọdẹ́wálé ní tirẹ̀ ní kí wọ́n má dá àwọn òrìṣà lẹ́bi: wọ́n mọ àléébù òun, bí òun ṣe máa ń tètè gbaná jẹ nítorí ẹ̀yà òun, òun ni wọ́n sì lò. Ṣé o ti rí okùn tó so oko iṣu mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn? Ibi tí àyànmọ́ ti ká ènìyàn mọ́ lọ́wọ́ Sophocles ni Rótìmí sọ di ibi tí èébú ẹ̀yà ti sọ ènìyàn di apànìyàn. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé eré náà sórí ìtàgé, nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà (1967 sí 1970) ń lọ lọ́wọ́. Gbólóhùn kan bẹ́ẹ̀ lórí àsìkò ti tó. Má kọ odidi ojú ewé lórí ìgbésí ayé òǹkọ̀wé; kò sí máàkì kankan fún un nínú ohun tí o fi ránṣẹ́.

Ìpínrọ̀ kan ni gbogbo èyí. Ìjọra wà nínú rẹ̀, ìyàtọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀rí ti ìwé méjèèjì jáde, ìdí sì tẹ̀lé e. Mẹ́rin irú rẹ̀, pẹ̀lú ìfáàrà tó dáhùn ìbéèrè lójú ẹsẹ̀, ni àròkọ rẹ. O tún lè mú bí wọ́n ṣe di ọba: Oedipus já àlọ́ Sphinx, ẹranko abàmì tó ń da ìlú láàmú; Ọdẹ́wálé kó àwọn ará ìlú Kutuje jọ bá àwọn ará Ikolu tó gbógun tì wọ́n jà. Tàbí bí wọ́n ṣe lọ: Creon, arákùnrin ìyàwó Oedipus, gba àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́ rẹ̀, Ọdẹ́wálé kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde nílùú.

Bí o ṣe máa kàwé: má pín jọ́tà rẹ sí ti ìwé kìíní àti ti ìwé kejì. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ojú ewé mẹ́ta lórí Oedipus, kí aago tó lù lórí ìdajì ojú ewé fún Ọdẹ́wálé. Fi ọ̀rọ̀ pín in: ẹ̀bi, àìmọ̀kan, ọba àti ìlú, aríran afọ́jú (Tiresias àti Baba Fákúnlé), ìyàwó tó tún jẹ́ ìyá. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti inú ìwé kọ̀ọ̀kan àti àyọlò kúkurú tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, mú ìbéèrè kan, fi ìṣẹ́jú 15 ṣe àlàkalẹ̀ nìkan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, gbé aago síwájú kí o kọ ọ́ tán: ìṣẹ́jú 15 fún àlàkalẹ̀, 65 fún kíkọ, 10 fún àtúnkà. Lẹ́yìn náà, fi pẹ́ńsùlù yí orúkọ Oedipus àti Ọdẹ́wálé po níbi gbogbo. Ìpínrọ̀ tí ọ̀kan kò bá ti sí, tún un kọ.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìwé Sophocles. Èdè Gíríìkì ló fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ atúmọ̀ ni ẹ ń kà. Má sọ pé Sophocles yan ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí báyìí, nítorí atúmọ̀ mìíràn lè lo òmíràn. Ìṣẹ̀lẹ̀ àti ètò eré ni kí o dì mú níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì Rótìmí ni o lè tú wò ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní ti èdè, 4 péré ni. Àwọn kan ń fi àròkọ Gẹ̀ẹ́sì WAEC dẹ́rù bà yín, níbi tí ìlò èdè ti ń gba 20 nínú 50. Ìyẹn kò kàn yín.

Máàkì tí o kọ ránṣẹ́ ni mo fi dáhùn o. Ti ilé-ìwé kan kì í ṣe ti òmíràn. Gba àkọsílẹ̀ ìlànà náà lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ, kí o kà á fúnra rẹ. Béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ mú ìwé wọ gbọ̀ngàn. Bí wọ́n bá gbà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gba ẹ̀dà tí o ti kọ nǹkan sí létí, nítorí náà wá ẹ̀dà mìíràn tó mọ́, kí o fi pamọ́ láti ìsinsìnyí.