Èsì: Kòkòrò tó wà lórí ọsàn wẹ́wẹ́ yín

Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o, mà. Ẹ ní oríṣi kòkòrò méjì lẹ bá lórí ọsàn wẹ́wẹ́ yín, kékeré tó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ àti ńlá aláwọ̀ ewé, ẹ sì ń bèèrè bóyá àwọn ọmọ lè sìn ín. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọmọ labalábá ńlá dúdú alámì ìyeyè ni, Papilio demodocus. Tó bá dàgbà, tó bọ́ awọ, ló ń di aláwọ̀ ewé.

Kẹ́ ẹ lè dá a mọ̀ dájú, ẹ rọra fi ìka kàn án. Ìwo rírọ̀ kan tó yà sí méjì á yọ lẹ́yìn orí rẹ̀, òórùn líle á sì bá a jáde. Kì í ta èèyàn, ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ wá ike fífẹ̀, kẹ́ ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo ẹnu rẹ̀. Ewé ọsàn tútù tí ẹ ò fín oògùn sí ni kẹ́ ẹ máa fún un. Ẹ̀fọ́ ò lè gbé e ró. Ẹ máa gbá ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò lójoojúmọ́ kó má baà bu. Ẹ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, torí ibẹ̀ ni yóò fi òwú ara rẹ̀ so ara rẹ̀ mọ́, tí kò ní jẹun mọ́. Bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, labalábá á jáde. Nígbà mìíràn, agbọ́n wíńníwínní ló máa ń jáde dípò rẹ̀. Inú ọgbà ni wọ́n ti yé ẹyin sí i lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín oògùn. Bí ọsàn náà bá ṣì kéré, ẹ ṣáà fi ọwọ́ ṣa wọ́n lọ sórí igi ọsàn ńlá.