Ẹ Bi Àǹtí Ìrìnnà: "Wọ́n Ní Yàrá Yòówù Ló Máa Gba Kẹ̀kẹ́ Màmá"

Lẹ́tà láti Ìjẹ̀bú-Òde

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ti pé ọdún 71, aṣọ ni wọ́n ń tà l'Ókè-Ajé kí rọpárọsẹ̀ tó dé bá wọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, orí wheelchair, ìyẹn kẹ̀kẹ́ aláìlera, ni wọ́n wà látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London wálé fún Ojúde Ọba pẹ̀lú régbérégbé ẹ̀, ìgbà tó padà sílé ló bá Màmá lójú fèrèsé níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìlù lọ́ọ̀ọ́kán, ló bá bú sẹ́kún, ó ní dandan òun máa gbé Màmá wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní cruise, láti Southampton lọ sí Norway, ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ejẹ́ǹtì tá a bá sọ̀rọ̀ l'Ékòó ní yàrá yòówù tá a bá sanwó ẹ̀ ló máa gba kẹ̀kẹ́, pé bí kò bá tiẹ̀ gbà á, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ á máa gbé wọn. Màmá gbọ́, wọ́n ní, "Ṣé bí àpò gààrí ni wọ́n á ṣe máa gbé mi kiri?" Àtìgbà náà ni wọn ò ti fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn sétí. Ejẹ́ǹtì sì ní ká sanwó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ṣé òótọ́ ló ń sọ?
Àbígbẹ̀yìn Màmá Aláṣọ

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ìyá, Ọlọ́run á jẹ́ kí Màmá jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ o. Irọ́ ni ejẹ́ǹtì yẹn ń pa, tàbí ká ní kò mọ̀, èyí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì, Màmá ni ìyà ẹ̀ máa jẹ.

Ilẹ̀kùn yàrá lásán lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ò fẹ̀ ju nǹkan bí ínṣì 22 tàbí 23 lọ. Kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà ńkọ́, tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n láti etí kan dé etí kejì, ínṣì 25, 26, nígbà míì 27 ni. Kò lè wọlé, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ yí i. Ká tiẹ̀ wá ní ó ráyè wọlé, ẹnu ilẹ̀kùn báfù inú ọkọ̀ máa ń ga sókè díẹ̀ kómi má bàa ṣàn wọ inú yàrá, ibẹ̀ gan-an ni táyà ti ń kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Bàbá Délé, ọkọ mi, orí kẹ̀kẹ́ lòun náà wà, nígbà tá a pé ogójì ọdún tá a ti ṣègbéyàwó, àwọn ọmọ dáwó jọ, wọ́n fi wá sínú ọkọ̀, ejẹ́ǹtì sì fọwọ́ sọ̀yà pé yàrá tí wọ́n dìídì ṣe fún aláìlera ni. A débẹ̀, irin ìdìmú wà lóòótọ́, méjì, ó ń dán, àmọ́ ilẹ̀kùn báfù fi ìka méjì kéré sí kẹ̀kẹ́. Mo yọ ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, mo yọ ibi ìgbápálé, ìka méjì yẹn ò lọ síbì kankan. Alẹ́ méje ni mo fi kànìnkànìn wẹ ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo á kọ́kọ́ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ kómi má bàa rin kápẹ́ẹ̀tì, òkun á sì wà níwájú wa gbalaja lójú fèrèsé. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin ó ní, "Ìyá Délé, ọmọ ọwọ́ ni mo tún padà dà yìí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì bá wa jáde lọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yìn ìgbà tá a dé ni mo wá mọ̀ pé oríṣiríṣi ni yàrá tí wọ́n ń pè ní accessible, ìyẹn èyí tí aláìlera lè lò. Ẹ há ọ̀rọ̀ yẹn sórí, òun lẹ máa kọ sínú ímeèlì, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀ o, nítorí èyí tó wà fún ẹni tó ń fọ̀pá rìn, tó kàn nílò nǹkan tó máa dì mú, wà nínú ẹ̀, òun ni wọ́n fún wa. Èyí tí Màmá nílò ni ti oníkẹ̀kẹ́ pátápátá: ilẹ̀kùn ẹ̀ máa ń tó ínṣì 32, àyè máa ń wà láàárín yàrá tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5 kí kẹ̀kẹ́ lè yí po, ilẹ̀ báfù á tẹ́ pẹrẹsẹ tí kẹ̀kẹ́ á fi yí wọ ìdí ṣáwà tààrà, àga á wà lára ògiri tí wọ́n ń ṣí kalẹ̀ téèyàn fi ń jókòó wẹ̀, ibi ìkáṣọkọ́ náà á wálẹ̀ tí ọwọ́ Màmá á tó o.

Torí náà, ẹ gba tépù lọ́wọ́ aránṣọ àdúgbò yín lónìí, ẹ wọn kẹ̀kẹ́ náà nígbà tí Màmá wà lórí ẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó ṣófo, ẹ wọn ibi tó fẹ̀ jù, kẹ́ ẹ sì fi àyè ọwọ́ ẹni tó ń yí i sí i. Ìwọ̀n yẹn lẹ máa kọ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn, kì í ṣe sí ejẹ́ǹtì nìkan, àwọn iléeṣẹ́ ńlá wọ̀nyí ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n báwo ni ilẹ̀kùn yàrá ṣe fẹ̀ àti ti báfù, kí wọ́n kọ nọ́ńbà, ẹ má gbà kí wọ́n kọ "ó fẹ̀ dáadáa". Ẹ bi wọ́n bóyá ohunkóhun ga sókè lẹ́nu ọ̀nà báfù tàbí lẹ́nu ọ̀nà bálíkónì, báwo ni bẹ́ẹ̀dì ṣe ga tó, ṣé àyè wà lábẹ́ ẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí, tó sì ṣe pàtàkì fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú: ẹ̀gbẹ́ wo ni irin ìdìmú wà nídìí tọ́ílẹ́ẹ̀tì? Ọwọ́ òsì ló kù tó lágbára lára Màmá. Tí irin bá wà lápá ọ̀tún nìkan nígbà tí wọ́n bá jókòó, bíi pé kò sí irin níbẹ̀ rárá ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́ẹ̀dì, àwọn yàrá kan wà tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan péré ni kẹ̀kẹ́ ti lè sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó ń ṣe físíò fún Màmá á ti kọ́ yín pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé wọn bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbẹ́ tó lágbára ló ń ṣíwájú. Ẹ ya àwòrán yàrá náà sórí ìwé kékeré, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sí i, ẹ wo ibi tí ọwọ́ òsì Màmá máa bọ́ sí.

Ti gbígbé wọn bí àpò gààrí ńkọ́, Màmá sọ òótọ́. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lè bá yín ti kẹ̀kẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé tàbí ń jáde, àmọ́ wọn kì í wẹ̀ fún èèyàn, wọn kì í gbéni sórí bẹ́ẹ̀dì, wọn kì í báni wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n yín gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú Màmá, kó sì lè dá wọn gbé. Tí kò bá lè dá a ṣe, kẹ́yin náà múra ìrìnnà, àbúrò mi.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin Yúróòpù tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 1177/2010, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní December 2012, ìlú Ọba náà ò sì pa á tì, ó ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ò gbọdọ̀ torí àìlera kọ̀ láti ta tíkẹ́ẹ̀tì fún èèyàn, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò tàbí bí wọ́n ṣe kan ọkọ̀ náà ni ò jẹ́ kó ṣeé ṣe, wọn ò sì gbọdọ̀ torí ẹ̀ gba owó lé e. Tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn ba kẹ̀kẹ́ jẹ́, àwọn ló máa tún un ṣe tàbí kí wọ́n ra òmíì. Ṣùgbọ́n òfin náà ní kẹ́ ẹ sọ irú yàrá tẹ́ ẹ nílò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń sanwó. Yàrá wọ̀nyí ò pọ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n sì máa ń tètè tán, tí wọ́n bá ní ti ọkọ̀ yìí ti tán, ẹ sún un sí ìgbà míì, ẹ má fara mọ́ yàrá lásán.

Ẹ bèèrè èbúté kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọkọ̀ ti ń sún mọ́ etí omi, bíi Bergen àti Stavanger, kẹ̀kẹ́ á yí jáde lórí afárá tí wọ́n tẹ́. Àmọ́ àwọn ibì kan wà tí ọkọ̀ ńlá á ju ìdákọ̀ró sáàárín omi, ọkọ̀ kékeré á wá máa kó èrò lọ sétí, bíi ti Santorini ní Gíríìsì. Ọkọ̀ kékeré yẹn ń mì, àtẹ̀gùn sì lèèyàn ń gbà bọ́ sínú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níbẹ̀. Tí irú ẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ nínú ìrìnnà yín, ẹ wá ọ̀nà míì.

Físà, méjì ni o: ti ìlú Ọba, àti Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó kárí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, torí Norway wà nínú Schengen bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú EU, ẹgbẹ́ àwọn ilẹ̀ Yúróòpù. Kẹ́ ẹ tó gbéra kúrò ní èbúté, wọ́n á ṣe ìdánrawò ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tí ewu bá dé, ẹ rí i pé wọ́n kọ orúkọ Màmá sílẹ̀ lára àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́, nítorí tí iná bá sọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ lífìtì.

Tí ìdáhùn bá ti dé, ẹ gba fọ́tò báfù lọ́wọ́ wọn, ẹ gbé e fún Màmá wò kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹ̀gbọ́n yín tó ń sanwó. Àwọn ló máa wẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́tà láti Ṣàgámù

Àǹtí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún 29 ni mí, wheelchair oníná ni mò ń lò, bátìrì lithium ló ní. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ká wọ ọkọ̀ láti Miami lọ sí Bahamas. Ṣé bátìrì mi ò ní dá mi dúró ní Murtala Muhammed?

Ìdáhùn

Ọ̀gbẹ́ni, ẹ wo ara bátìrì yẹn, ẹ máa rí nọ́ńbà tí wọ́n kọ V àti èyí tí wọ́n kọ Ah sí. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, bí àpẹẹrẹ 24 lọ́nà 10 jẹ́ 240, Wh nìyẹn, ìwọ̀n agbára iná tí bátìrì lè gbà. Bátìrì lithium tó ṣeé yọ, tí kò kọjá 300 Wh, ni wọ́n ń gbà nínú bàálù, ẹ máa yọ ọ́, ẹ máa bo ojú irin ẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé e jókòó nínú bàálù, kò gbọdọ̀ wọ ibi ẹrù. Èyí tí kò ṣeé yọ ní òfin tiẹ̀, ẹ bi iléeṣẹ́ bàálù kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ ò bá lè rìn rárá, ẹ ní kí iléeṣẹ́ bàálù kọ àmì WCHC síwájú orúkọ yín, torí WCHR wà fún ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn, tó kàn jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ló ń rẹ̀ ẹ́, tí wọ́n bá ṣi ìyẹn kọ, wọ́n lè má gbé àga tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé èèyàn dé ìjókòó wá.

Nínú ọkọ̀, inú yàrá yín lẹ máa gbé kẹ̀kẹ́ sí, ibẹ̀ lẹ máa ti ṣáàjì ẹ̀, wọn kì í gbà kéèyàn gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ṣájà yín gba iná fólítì (V) 100 sí 240. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ò sì gba ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n láti ilé.

Ní ti yàrá, ọkàn yín balẹ̀ díẹ̀. Lọ́dún 2005 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà, nínú ẹjọ́ Spector àti Norwegian Cruise Line, sọ pé òfin aláìlera wọn, ADA ti ọdún 1990, mú ọkọ̀ tó ń ta àsíá ilẹ̀ òkèèrè náà nígbà tó bá wà nínú omi Amẹ́ríkà. Wọ́n tún ní òfin pé kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ pa yàrá oníkẹ̀kẹ́ mọ́ títí àwọn yàrá yòókù ní ipele yẹn á fi tán. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ nílò ẹ̀ lóòótọ́, ẹ fọwọ́ sí i, ìyẹn kì í ṣe àbùkù.

Lẹ́tà láti Ìkẹ́nnẹ́

Àǹtí Ìrìnnà, gbọ̀ngàn tá a ti ń ṣe ìnáwó lágbègbè wa ńkọ́, àtẹ̀gùn méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, mẹ́rin nínú àwọn ọmọkùnrin ló gbé bàbá mi kọjá níbi ìgbéyàwó tó kọjá, fìlà wọn jábọ́. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí Bàbá. Òfin Nàìjíríà tó dá ẹ̀tọ́ àwọn aláìlera mọ̀, ti ọdún 2018 tí Ààrẹ buwọ́ lù ní January 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Ọdún 5 yẹn pé ní January 2024. Torí náà kì í ṣe oore lẹ fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ onígbọ̀ngàn.

Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà kọ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà, àmọ́ ẹ bá a ṣírò ẹ̀, torí èyí tó bá dagun jù á ti kẹ̀kẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Ínṣì 1 ní gíga, ínṣì 12 ní gígùn. Tí àtẹ̀gùn méjèèjì bá ga tó ínṣì 14 lápapọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 14 ni ọ̀nà náà máa gùn, ó máa gba díẹ̀ nínú ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ fi fọ́tò ẹnu ọ̀nà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìwọ̀n gíga ẹ̀, mo máa bá yín ṣírò ìyókù.