Ẹ má fi àwọ̀ òdòdó mọ lantana tó wà lórí pápá yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹnìkan sọ fún yín nípa lantana, igi kékeré olódòdó tó ń hù káàkiri pápá, pé olódòdó pupa nìkan ló ń pa màlúù, pé kí ẹ fi ti píǹkì sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á gbọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló gba ẹ̀gbọrọ màlúù méjì lọ́wọ́ mi, ti píǹkì ni wọ́n sì jẹ.

Lantana kún pápá mi àtijọ́, àwọn ẹran mi máa ń já a jẹ díẹ̀díẹ̀, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Mo kó wọn lọ sí pápá tuntun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo bá igi tó jọ ti tẹ́lẹ̀ bí ìbejì: ewé kan náà, òórùn kan náà. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí àwọn méjì fi kọ oúnjẹ. Wọn ò jẹ àpọ̀jẹ mọ́, ìgbẹ́ wọn le koko, ẹyinjú wọn di àwọ̀ ìyeyè, awọ imú wọn ń bó, wọ́n sì ń sá fún oòrùn. Dókítà ẹran ní májèlé inú ewé náà, lantadene, ti ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́, òróòro ò ṣàn mọ́. A fún wọn ní èédú lílọ̀ mu, ṣùgbọ́n ewé tó ti wà nínú ikùn wọn ṣì ń tú májèlé sílẹ̀.

Ebi wà lára ohun tó fà á, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n lantana kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn olùtọ́jú ọgbà ní Yúróòpù mú oríṣiríṣi, wọ́n so wọ́n pọ̀ torí ẹwà, kó tó bọ́ sínú igbó káàkiri ayé. Títí di òní wọ́n ṣì ń gba àbùdá lára ara wọn, ẹyẹ sì ń gbé èso wọn dúdú kiri. Kúrómósómù, ìyẹn okùn tó ru àbùdá nínú ara igi, jẹ́ 22 nínú òmíràn, 44 nínú ọ̀pọ̀, àwọn kan dé 66. Igi tí májèlé rẹ̀ le lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Ní ti àwọ̀, ẹ wo ìdì òdòdó kan dáadáa: àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là láàárín lè jẹ́ ìyeyè, kí ti ẹ̀gbẹ́ ti di píǹkì.

Ẹ tún béèrè bóyá kòkòrò tó ń jẹ lantana lè bá wa pa á run. Ní 1902 ni wọ́n ti kó irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ láti Mẹ́síkò lọ sí Hawaii. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó jẹ irú lantana kan run lè má fẹnu kan òmíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yẹ ewé wò bóyá májèlé rẹ̀ le, ẹ já a lára igi púpọ̀, níbi tó yàtọ̀ síra. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, torí kùkùté máa ń rú padà. Ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kó jẹ koríko yó kó tó wọ ibẹ̀. Èyí tí imú rẹ̀ bá ń bó, ẹ mú un lọ sábẹ́ ibòòji lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà ẹran.