Bọ́ńpà Mọ́tò Mi Ti Ṣí Lẹ́gbẹ̀ẹ́, Ṣé Kí N Ra Òmíràn Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá Mọ́tò. Corolla 2010 ni mò ń wà. Ọlọ́kadà kan ló gbá mi níwájú lóṣù tó kọjá, pánẹ́ẹ̀lì-bítà tún un ṣe, ó kun ún, ó sì ń dán, àmọ́ kò pẹ́ rárá tí igun bọ́ńpà lápá ọ̀tún tún ṣí sílẹ̀, ọwọ́ mi ń wọ àárín òun àti fẹ́ńdà. Mo padà lọ bá a, ó lu síkúrù méjì mọ́ ọn, ó tún fi wáyà dì í lábẹ́. Ní báyìí ibi tí síkúrù wà ti ń la, tí mo bá sì sáré díẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, nǹkan kan á máa dún pàkà pàkà lábẹ́. Bàbá Ìbejì ní ká kúkú lọ ra bọ́ńpà tókunbọ̀ míì ní Gate. Ṣé kò sí ọ̀nà míì ni? *Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì kí wọ́n fọwọ́ mú owó bọ́ńpà yẹn ná, torí ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kílíìpù ni, àti bùrákẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́. Bọ́ńpà òde òní kì í ṣe irin bíi ti Peugeot 504 ayé ọjọ́un, ike ni, irin tó ń gba ìgbálù wà lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tó gbé ike yẹn dúró ò ju kílíìpù kéékèèké, síkúrù díẹ̀, àti bùrákẹ́ẹ̀tì ike tó wà lábẹ́ etí fẹ́ńdà lọ́tùn-ún lósì. Tí ọkadà bá gbá a, bọ́ńpà lè tẹ̀ kó sì padà sípò, àmọ́ kílíìpù tí oòrùn àti ooru ẹ́ńjìnnì ti fà gbẹ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ò rọ̀ mọ́, kíkán ló máa kán. Èyí tí ọlọ́kadà ò bá sì kán, pánẹ́ẹ̀lì-bítà á bá a kán an, wọ́n á ki sikurudiráfà bọ abẹ́ ẹ̀, wọ́n á fà á tagbáratagbára, ó fò sínú yẹ̀pẹ̀, ó tán, kò sẹ́ni tó máa wá a.

Bẹ́ẹ̀ kò le rárá. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan tí ò tíì kán, ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yà méjì ni: ara ẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ tó là, àti ìṣó ike kékeré láàárín. Ìṣó yẹn ló ń ya ẹsẹ̀ náà nínú ihò kó lè há. Torí náà ìṣó lèèyàn ń kọ́kọ́ tú, kì í ṣe odidi ẹ̀. Òmíì wà tó jẹ́ pé nǹkan tín-ín-rín lẹ máa fi tẹ àárín ẹ̀ wọlé díẹ̀, á dún "tọ́ọ̀", ó ti tú nìyẹn, òmíì sì rèé orí ìṣó lẹ máa gbé sókè, òmíì tún ní ojú síkúrù, ẹ kàn yí i ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá èyí tó ń wọlé yẹn padà, ẹ kọ́kọ́ ti ìṣó ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kó yọrí jáde, ẹ wá ki kílíìpù bọ ihò, ẹ wá tẹ ìṣó kó bá orí dọ́gba. Àwọn tó ní eyín láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìyẹn tí wọn ò ní ìṣó rárá, tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ẹ ra tuntun.

Síkúrù tó lù mọ́ ọn ló ń la bọ́ńpà yín. Ike ń wú nínú oòrùn, ó ń sún kì lálẹ́, kílíìpù ń fàyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un, síkúrù ò fàyè sílẹ̀. Kọ́ńdẹ́ńsà AC sì wà lẹ́yìn girílì níwájú níbẹ̀ o, síkúrù gígùn kan ṣoṣo tó bá kàn án, gáàsì ti lọ, owó tẹ́ ẹ máa ná nígbà yẹn á ju ti bọ́ńpà lọ.

Ẹ ní kí pánẹ́ẹ̀lì-bítà tú bọ́ńpà náà sílẹ̀. Síkúrù inú ilé táyà lápá méjèèjì, ti òkè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ti ìsàlẹ̀, kó wá fa igun ẹ̀ síta sí ẹ̀gbẹ́ kó tó fà á síwájú, kí ẹnìkan bá a dì í mú, tí iná fọ́ọ̀gì bá wà kó yọ wáyà ẹ̀. Kó da gbogbo kílíìpù sínú agolo kan, ẹ dúró tì í. Ẹ wá wo bùrákẹ́ẹ̀tì ọ̀tún, tí eyín ẹ̀ bá ti kán, kò sí kílíìpù tó máa gbà yín, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí Gate.

Tó bá kan kílíìpù, ihò lẹ máa wọ̀n, ẹ má wo orí ẹ̀, orí ń tan èèyàn. Ìdí bíìtì dírílì ni kó fi wọ̀n ọ́n, 6 tàbí 7 tàbí 8 tàbí 10 mílímítà, èyí tó wọ̀ ọ́ rẹ́gí ni sáìsì yín. Kí gígùn ẹ̀ náà tó ìnípọn àwọn ike tó máa dì pọ̀. Tó bá tín-ín-rín jù á bọ́ sójú títì, tó bá tóbi jù tẹ́ ẹ sì fipá ki í, á fa ihò ya. Toyota ní nọ́ńbà 52161-02020 fún ọ̀kan tó wọ́pọ̀ nínú tiwọn, ẹ kọ ọ́ síwèé, ẹni tó mọṣẹ́ ní Gate tàbí ní Ládípọ̀ á mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ ṣì fi wé ihò yín. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fọwọ́ fún ẹsẹ̀ ẹ̀ pọ̀: tó bá tẹ̀ tó sì padà, ó dáa, tí ojú ibi tó tẹ̀ bá funfun, ẹ bá a fi sílẹ̀. Ẹ ra lé díẹ̀ sí i.

Ihò tó ti la ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀yìn bọ́ńpà, ẹ máa rí PP tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀, orúkọ irú ike tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn (polypropylene). Súpágúlúù ò ní mú irú ike yẹn, á gbẹ á sì ṣí bí èépá. Ike PP bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù ìjóòjé (soldering iron) yọ́ sí i láti ẹ̀yìn, kí wọ́n tẹ nẹ́ẹ̀tì wáyà sínú ẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, tó bá tutù kí wọ́n lu ihò míì. Tó bá ń dá a padà, igun méjèèjì ló máa kọ́kọ́ wọ bùrákẹ́ẹ̀tì, òkè ló kàn, ìsàlẹ̀ gbẹ̀yìn, kó má sì tẹ ìṣó kankan títí gbogbo ihò á fi ṣe déédéé.

Pàkà pàkà abẹ́ yẹn, ó jọ pé ike abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni, kílíìpù tiẹ̀ náà ti lọ. Ẹ má gbé e lọ sí márosẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe é, atẹ́gùn á máa fà á wálẹ̀, ọjọ́ tí táyà bá tẹ̀ ẹ́, á fa bọ́ńpà dání.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, wọ́n tú ike abẹ́ ẹ́ńjìnnì mi nígbà tí wọ́n ń yí ọ́ìlì, kílíìpù ò pé mọ́, mẹkáníìkì ní kí n jù ú nù pé kò wúlò. Òótọ́ ni àbí irọ́? *Onítakisí, Ìkẹjà*

Ìdáhùn: Irọ́ ni jàre. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ nínú òjò Èkó, òun ló ń dá omi ẹrọ̀fọ̀ dúró kó má bàa ta sí bẹ́líìtì àti alítánétọ̀. Ẹ ra kílíìpù sí i.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, MOT mi, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún tí ìjọba ń béèrè ní UK níbí, ti sún mọ́lé, bọ́ńpà ẹ̀yìn mi ń mì, téèpù ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ṣé wọ́n á jẹ́ kó kọjá? *Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham*

Ìdáhùn: Àbúrò, ó ṣòro o. Bọ́ńpà tí ò dúró dáadáa, tàbí tí etí ẹ̀ mú tó lè gé èèyàn, wọ́n á já ẹ, tó bá sì fẹ́ já bọ́, ẹ̀ka eléwu ni wọ́n máa kọ ọ́ sí, wọn ò ní fẹ́ kó o wà á lọ sílé. Kílíìpù ò wọ́n níbẹ̀ yẹn. Òtútù yín lo ní láti ṣọ́ra fún, ike máa ń le gan-an láàárọ̀, da omi gbígbóná sí i lára díẹ̀ kó o tó fà á, kó o sì wò ó bóyá wáyà sẹ́ńsọ̀ páàkì wà lẹ́yìn ẹ̀, yọ ìyẹn ná.