N kì í lá súìtì, kí ló wá ń ba eyín mi jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 38 ni mí. Bí mo bá ti mu omi tútù báyìí, ṣe ni eyín mi máa ń ta mí bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún mi. N kì í lá súìtì, n kì í jẹ ṣokoléètì. Mínírà kan ṣoṣo ni mò ń mu lójúmọ́, òun náà ni mo fi ń jẹ búrẹ́dì ọ̀sán. Tó bá di alẹ́, mo lè mu gàrí kí n tó sùn. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń fọ eyín, búrọ́ọ̀ṣì líle ni mo sì ń lò kó lè mọ́ dénú. Ẹnì kan ní kí n máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ra eyín kó lè funfun, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ṣe é. Etí eyín iwájú mi náà ti ń rí págunpàgun. Kí ni mo ń jẹ tó ń ba eyín mi jẹ́? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ká tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn padà sí ilé ìdáná. Lónìí.

Èdè wa ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí àwa dókítà tó dé. Ohun tó bá kan ni í mú eyín kan. Ẹni tó bá jẹ àgbálùmọ̀ kíkan márùn-ún léra, tó wá fẹ́ jẹ ẹ̀pà lé e, mọ ohun tí mò ń wí. Kíkan yẹn, ásíìdì ni. Kò sí ohun tó le tó èèpo funfun tó bo eyín nínú gbogbo ara èèyàn, eegun pàápàá kò le tó o, àmọ́ ásíìdì ń yọ́ ọ. pH la fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó: omi lásán wà ní nǹkan bíi 7, bí nọ́ńbà yẹn bá sì ṣe ń wálẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i. Bí inú ẹnu bá ti bọ́ sísàlẹ̀ 5.5 tàbí ibẹ̀ yẹn, èèpo eyín ti ń yọ́ nìyẹn. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kò ju 2 lọ sí 3.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú rí i, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta sínú ife, kí ẹ ju èèpo ẹyin kékeré kan sí i. Ẹ ó rí i tó ń hó wuruwuru. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Eyín le ju èèpo ẹyin lọ dáadáa, kì í sì í hó, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni ásíìdì ń gbé àwọn méjèèjì lọ.

Iyọ̀ tí ẹ wá ń fi ra á ńkọ́? Ẹ ti fi ọsàn rẹ ẹ́ rọ̀, ẹ tún ń fi iyọ̀ ha á. Mo gbà pé ó funfun lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, torí ẹ ha àbàwọ́n kúrò, àmọ́ ẹ ha èèpo mọ́ ọn. Èèpo yìí kì í hù padà bí èékánná. Bó bá ti fẹ́lẹ́, ara inú eyín tó pọ́n díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn síta, eyín tí ẹ ń fọ̀ kó funfun á wá máa pọ́n sí i. Ara inú yẹn náà ló kún fún ihò tín-tìn-tín tó já sí ibi tí iṣan wà. Ibẹ̀ ni omi tútù ń gbà ta yín. (Àwọn tó ń fi èédú lílọ̀ fọ eyín, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o.)

Ó wá ku mínírà kan ṣoṣo. Mo mọ mínírà kan ṣoṣo àwọn télọ̀! Wọ́n á ṣí i ní aago mọ́kànlá, wọ́n á gbé e sẹ́bàá ẹ̀rọ, wọ́n á fà á díẹ̀, wọ́n á ran ọwọ́ aṣọ kan, wọ́n á tún fà á díẹ̀. Aago mẹ́rin á lù, ó ṣì ku ìdajì nínú ìgò. Ohun tó sì wà nídìí ọ̀rọ̀ yín gan-an nìyẹn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára eyín ń jẹ ṣúgà, ásíìdì ni wọ́n sì fi ń san án padà fún wa. Mínírà fúnra rẹ̀ tún kan, ṣúgà ni kì í jẹ́ kí ahọ́n mọ̀. Itọ́ ló ń bá wa tún un ṣe, àmọ́ ó ń gbà á tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ń fà á ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgbà wo ni itọ́ fẹ́ ríṣẹ́ ṣe? Bí ẹ bá mu ìgò náà tán pẹ̀lú búrẹ́dì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan ni eyín fojú winá. Bẹ́ẹ̀ ẹ ti ń fi wákàtí márùn-ún fìyà jẹ ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun á yí sí mọ́ọ̀tì nítorí pé ó dára fún ara. Ṣúgà kún inú òun náà. Mínírà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò ní ṣúgà ṣì kan bákan náà. Zóbò kan gan-an, ká tó wá sọ ti ṣúgà tí a dà sí i. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò: iye gíráàmù ṣúgà tí ẹ bá rí, ẹ fi 4 pín in, iye ṣíbí tíì tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá máa mu ún náà, ẹ mu ún pẹ̀lú oúnjẹ, kí ẹ mu omi lé e.

N kò ní kí ẹ má mu gàrí, èmi náà ń mu ún. Ṣùgbọ́n gàrí Ìjẹ̀bú kan, ṣúgà sì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ itọ́ máa ń gbẹ lẹ́nu tí a bá sùn. Ẹ mu ún lọ́sàn-án pẹ̀lú ẹ̀pà. Wàrà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á ran eyín lọ́wọ́.

Ní ti búrọ́ọ̀ṣì, ẹ ra èyí tó rọ̀. Líle yẹn ti ń gé ọrùn eyín yín níbi tó ti pàdé ẹran inú ẹnu, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Tí ẹ bá jẹ ohun kíkan, ẹ fi omi yọ ẹnu, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, ni kí ẹ lò, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán lálẹ́, ẹ tu ìfófòó dànù, ẹ má fi omi yọ ọ́. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún eyín tó ń ta wà ní ilé òògùn, àmọ́ ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ràn orín, kó rún ẹnu orín náà títí á fi rọ̀ dáadáa.

Tí títa yẹn bá ń pẹ́ lẹ́yìn tí omi tútù ti lọ, tàbí tó bá ń jí yín lóru, ó ti dé ibi iṣan, ọṣẹ kò lè ṣe é mọ́. Ẹ lọ rí dókítà eyín. Ẹ má fi ògógóró tàbí omi bátìrì sí i, mo ti rí ẹnu tí omi bátìrì bó.

Págunpàgun etí eyín iwájú kì í ṣe ti oúnjẹ nìkan. Òwú tí ẹ̀yin télọ̀ ń fi eyín já ló sábà máa ń fà á, àti píìnì tí ẹ ń há sẹ́nu. Ẹ so àlùmọ́gàjí kékeré kan mọ́ ara ẹ̀rọ, ní apá ọ̀tún tí ọwọ́ á tètè dé, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín náà so tiwọn.