Ìbéèrè Òǹkàwé: Kí ló dé tí ọwọ́ mi fi ń pẹ́ láàárín kọ́ọ̀dù méjì?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Télọ̀ ni mí ní Ìdí-Orò, Mushin, mo sì ti lé ní ogójì ọdún. Oṣù méjì sẹ́yìn ni mo ra gìtá tòkunbọ̀ kan, kí n lè máa bá ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ta á. Mo ti mọ kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) G, C àti D, ṣùgbọ́n kí n tó kúrò lórí G dé orí C, àwọn akọrin á ti kọ ìlà kan tán. Okùn kan tún ń dún bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ́rẹ́ ha páànù. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa ní tí n kò bá lè tẹ F, kí n má pe ara mi ní onígìtá. Ṣé ọjọ́ orí mi ló fà á?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹni tó ń fi òwú kọjá ojú abẹ́rẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ kò lè sọ pé ìka òun ti le jù fún gìtá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti okùn tó ń ha yẹn kúrò nílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ìka jókòó sí ló ń fa irú ariwo bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìlágbára. Ìka tó bá wà lẹ́yìn irin tó dábùú ọrùn gìtá pẹ́kípẹ́kí kò nílò agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá fà sẹ́yìn sí àárín àlàfo tó wà láàárín irin méjì yóò tẹ okùn títí, okùn náà yóò sì ṣì máa gbọ̀n lu irin. Ẹ di C mú, kí ẹ wá ta okùn lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí ìkarùn-ún wá sí orí èkíní tó tín-ínrín jù. Bí okùn kìíní bá dákẹ́, a jẹ́ pé ìka ìfábẹ̀lá yín tó wà lórí okùn kejì ló sùn lé e. Ẹ tẹ oríkèé ìka náà sókè bí ẹsẹ̀ akàn, kí ẹ sì gé èékánná ọwọ́ òsì yín mọ́lẹ̀.

Ní ti G sí C, ọ̀nà tí ẹ ń gbà tẹ G ni mo fura sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n kọ́ láti fi ìka àárín tẹ okùn kẹfà, kí wọ́n fi ìfábẹ̀lá tẹ ìkarùn-ún. Kò burú, àmọ́ gbogbo ìka ló gbọ́dọ̀ ṣí kúrò kí C tó lè wọlé. Ẹ gbìyànjú èyí dípò rẹ̀: ìka òrùka lórí okùn kẹfà ní àlàfo kẹta (láti orí gìtá ni a ti ń ka àlàfo), ìka àárín lórí ìkarùn-ún ní àlàfo kejì, ọmọńdinrín lórí èkíní ní àlàfo kẹta. G náà ni. Nígbà tí ẹ bá ń lọ sí C, ìka òrùka àti ìka àárín yóò jọ sún sísàlẹ̀ ní okùn kan péré, wọn kò ní yí àlàfo wọn padà, ọmọńdinrín yóò gbéra, ìfábẹ̀lá yóò sì balẹ̀ sórí okùn kejì ní àlàfo kìíní. Ọjọ́ mélòó kan ni ọmọńdinrín yóò fi máa ṣagídí, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ fi ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń tẹ maṣíìnì ka mẹ́rin lórí G, mẹ́rin lórí C, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ọwọ́ ọ̀tún má sì dúró bí ọwọ́ òsì kò tilẹ̀ tíì dé. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ṣọ́ọ̀bù dé sàn ju wákàtí mẹ́ta ọjọ́ Sátidé lọ.

Ọ̀rọ̀ F tí ẹ̀gbọ́n sọ, mo rò pé ó fi ń dá yín lágara lásán ni. F wọn yẹn ń béèrè pé kí ìka kan ṣoṣo tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ níbi tí okùn ti le jù lórí gìtá. Orin tó bá wà ní kíì G (ìyẹn, tí ohùn G jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀) kò nílò rẹ̀ rárá. G, C, D àti E kékeré (tí wọ́n ń pè ní E minor) ti tó o. Kódà orin jùjú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó yìí ní àwọn ọdún 1930, kọ́ọ̀dù mẹ́ta ni púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró lé, ijó kò sì tán nínú rẹ̀ títí dòní. Bí akọrin bá gbé orin lọ sí kíì A, ẹ de kápò (ohun tí a fi ń há gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá) mọ́ àlàfo kejì, kí ẹ máa tẹ àwọn kọ́ọ̀dù G yín lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá pàdé F, ẹ ṣe é bí àbúrò C: ìfábẹ̀lá dúró síbi tó wà, ìka méjì tó kù tún sún sísàlẹ̀ ní okùn kan, ẹ sì ta okùn mẹ́rin ìsàlẹ̀ nìkan. Kì í ṣe F gan-an, ṣùgbọ́n ìjọ kò ní mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó fẹ́ràn gìtá bàbá rẹ̀, àmọ́ ìka rẹ̀ kò ká ọrùn rẹ̀, ó sì ní okùn ń gé òun lọ́wọ́. Ṣé kí ó dúró dìgbà tó bá dàgbà ni? Ìyá kan, Ìta Fájì, Èkó.

ÌDÁHÙN: Kí ó má dúró, Ìyá wa. Ìka kan ti tó fún un báyìí. Kí ó tẹ okùn kìíní ní àlàfo kẹta, kí ó ta okùn mẹ́rin ìsàlẹ̀: G nìyẹn. Kí ó tẹ okùn kejì ní àlàfo kìíní, kí ó ta mẹ́ta ìsàlẹ̀: C nìyẹn. Bí kò bá tẹ nǹkan kan, tó ta mẹ́ta ìsàlẹ̀ náà, E kékeré ló ń ta. Ẹ ní kí bàbá rẹ̀ bá a dẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà díẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nu okùn lẹ́yìn tó bá ta á tán, nítorí òógùn ọwọ́ àti atẹ́gùn ọ̀sà tó ń fẹ́ wọlé yín máa ń mú un dípẹtà, okùn tó bá sì ti dípẹtà ló máa ń gé ọmọdé lọ́wọ́ jù.