Ìwé tó ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n

Àǹtí, ẹ kú ìrójú. Ẹ ní àbúrò yín ti wà ní àtìmọ́lé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) láti oṣù mẹ́fà, pé ẹbí ní kí ẹ gbàgbé rẹ̀ nítorí ìtìjú, pé ọ̀gá aránṣọ tó ń bá ṣiṣẹ́ ò gbé fóònù yín mọ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá lílọ bíbọ̀ yín ń ran ẹjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àbí oúnjẹ lásán ni ẹ ń rù lọ. Ó ń ràn án lọ́wọ́. Pípa tí àwọn yòókù pa á tì náà sì ń ṣàkóbá fún un, inú fáìlì gan-an ni àkóbá ọ̀hún ti máa ń jáde.

Wọn ò tíì dá a lẹ́jọ́. Prévenu ni, ẹni tó ń retí ìdájọ́, kì í ṣe condamné, ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi. Abala 17 Òfin Ìpilẹ̀ ilẹ̀ Benin ti 1990 ní aláìṣẹ̀ ni títí ilé-ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi ní gbangba. Ó lè béèrè liberté provisoire, ìyẹn ni pé kí wọ́n tú u sílẹ̀ kí ẹjọ́ tó parí. Ohun tí adájọ́ máa kọ́kọ́ rò ni pé, bí mo bá tú eléyìí sílẹ̀, ibo ni màá ti rí i lọ́la? Attestation de résidence (ìwé ẹ̀rí ibùgbé) ló ń dáhùn, ìwé ọ̀gá tó fẹ́ gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́ ló ń dáhùn, àti ẹ̀dà káàdì ẹbí tó ní ọ̀dọ̀ òun ni yóò máa sùn. Bí ọ̀gá bá ní òun ò fẹ́ kí orúkọ òun dé kóòtù, tí onílé ti kó ẹrù rẹ̀ síta, tí bàbá ò fẹ́ gbọ́, fáìlì náà á dà bíi ti ẹni tí kò nílé tí kò lọ́nà. Adájọ́ ò mọ̀ pé ìtìjú ni, ó rò pé ó máa sá ni. Àwọn tó ń sọ pé “ó tọ́ sí i” ò mọ̀ pé àwọn ló ń há a mọ́bẹ̀.

Permis ìbẹ̀wò, ìwé àṣẹ láti wọlé lọ rí i: nígbà tí ẹjọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ juge d'instruction, adájọ́ tó ń wádìí ẹjọ́, òun ló ń fún yín, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni àwọn ará Kétu ti ń pàdánù owó ọkọ̀. Kóòtù Pobè ni ẹjọ́ wà, wọ́n á forí lé ọgbà ẹ̀wọ̀n Àjàṣẹ́ tàbí ti Missérété tààrà, wọ́n á sì dá wọn padà tòun ti abọ́ oúnjẹ. Ẹ kọ lẹ́tà sí adájọ́ náà, ẹ so ẹ̀dà káàdì yín mọ́ ọn àti ohun tó fi hàn pé ẹbí ni yín. Orúkọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Adéṣínà lè di Adéchina nínú fáìlì, Ṣàbí lè di Chabi. Bí ẹ bá kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé, wọ́n á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní greffe, ọ́fíìsì àkọsílẹ̀. Ẹ dà á kọ bó ṣe wà lórí mandat de dépôt (ìwé tí adájọ́ fi ní kí wọ́n tì í mọ́lé), tàṣìṣe tàṣìṣe. Ẹ kọ ọjọ́ mandat, nọ́ńbà fáìlì àti cabinet (ọ́fíìsì adájọ́) tó wà sínú ìwé kékeré kan, kó má kúrò nínú àpò yín.

Oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́ ni kí ẹ gbé lọ: gàrí kílò méjì, ẹ̀pà sísun, kúlíkúlí, ẹja gbígbẹ, ata díndín tí omi ti gbẹ nínú rẹ̀ pátápátá. Inú ike ni o, kì í ṣe ìgò. Ẹ má fojú kékeré wo ẹ̀pà àti ẹ̀wà. Ẹni tó ń jẹ gàrí àti ìrẹsì funfun lójoojúmọ́ kì í rí fítámì B1 tó; ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á sì máa kú tìpìrì. Kì í ṣe àsàsí, ẹ sọ fún infirmier (nọ́ọ̀sì) ọgbà.

Kúrúnà ńkọ́? Ọṣẹ dúdú nìkan ò lè wò ó. Benzoate de benzyle, oògùn ìpara, ni wọ́n ń fi pa ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, tó fi mọ́ àárín ìka, gbogbo ẹni tó ń sùn sí yàrá kan náà lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ bá fún òun nìkan, á tún kó o lára ẹni tó sùn tì í. Aṣọ tí kò ṣe é fi omi gbígbóná fọ̀, ẹ di í pa sínú ọ̀rá fún ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta, torí kòkòrò náà kì í pẹ́ kú tí kò bá sí lára èèyàn. Ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí tó bá fẹ́ ṣàánú, kí wọ́n bá infirmier sọ̀rọ̀, kí wọ́n ra oògùn odindi yàrá kan, dípò bísíkíìtì ọdún tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́: abala 147 Code de procédure pénale, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn (òfin 2012-15), ní kí wọ́n gbé e dé iwájú ilé-ẹjọ́ tí yóò dá a lẹ́jọ́ láàárín ọdún 3 fún délit (ẹ̀ṣẹ̀ tí kò wúwo tó crime), ọdún 5 fún crime (ẹ̀ṣẹ̀ ńlá). Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọmọ ìlú lè kọ̀wé sí Cour constitutionnelle (ilé-ẹjọ́ Òfin Ìpilẹ̀) fúnra rẹ̀ láìsí agbẹjọ́rò: orúkọ ní kíkún, àdírẹ́sì tó ṣe pàtó, ìbuwọ́lùwé tàbí ìtẹ̀ka. Ilé-ẹjọ́ yẹn á sọ bóyá àwọn tó tì í mọ́lé rú òfin, àmọ́ òun kọ́ ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ mú ìdájọ́ náà padà lọ bá adájọ́ tó ní fáìlì.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀gá aránṣọ yẹn lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ má pè é, ẹ lọ bá a, kí ẹ mú àgbà kan tó ń bọ̀wọ̀ fún dání. Kí ẹ ti kọ ìwé náà sílẹ̀ kí ẹ tó lọ: mo mọ̀ ọ́n, ó ti bá mi ṣiṣẹ́ láti ọdún báyìí, màá gbà á padà. Ìwé náà ò ní kó jẹ́rìí pé àbúrò yín ò jẹ̀bi. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Kó ṣáà buwọ́ lù ú.